Ṣé físà Gúúsù Áfíríkà nìkan tó láti wọ Lesotho? Ìdáhùn fún ìyàwó ilé kan tó fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ wo òjò dídì

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ọkọ mi pẹ̀lú ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń lọ sí Johannesburg ní oṣù keje fún ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi. Ìbàdàn la ti ń lọ, páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà sì ni ti àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, a fẹ́ lo ọjọ́ márùn-ún ní Lesotho, torí ọmọ wa ń fẹ́ fọwọ́ kan òjò dídì. Ẹnì kan ní ìpínlẹ̀ kan ni nínú Gúúsù Áfíríkà, pé físà kan náà ló kárí rẹ̀. Ẹlòmíràn ní Swaziland ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, pé láìsí jíìpù a ò lè débẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé a lè fi ọkọ̀ kékeré tí a bá háyà yí gbogbo ibẹ̀ po? Otútù rẹ̀ ńkọ́?”

Ẹ kú ìmúra o, àbúrò mi. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìgbéyàwó náà yọrí sí ayọ̀. Ohun mẹ́ta ni mo rí pé ó ń kọ yín lóminú: ìwé àṣẹ, ọkọ̀, àti otútù. Ìwé àṣẹ ni n ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, torí òun nìkan ló lè dá ìrìnàjò yìí dúró pátápátá. Ìmúrasílẹ̀ ló ń yanjú àwọn méjì yòókù.

Àwọn méjèèjì tó gbà yín nímọ̀ràn ti da nǹkan pọ̀ mọ́ra wọn. Lesotho kì í ṣe ìpínlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Ilẹ̀ ọba tó dá dúró ni, Letsie Kẹta ló wà lórí oyè, wọ́n sì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti owó tiwọn. Basutoland ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é nígbà tó wà lábẹ́ wọn, ó sì gba òmìnira ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1966. Swaziland, tó yí orúkọ padà sí Eswatini ní ọdún 2018, ilẹ̀ mìíràn ni. Òun náà kéré, ó lọ́ba, ó sì lókè, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń ṣì wọ́n mú síra wọn. Èyí tó kàn yín nínú ìyàtọ̀ wọn ni pé Eswatini bá Mozambique pààlà, ṣùgbọ́n Gúúsù Áfíríkà nìkan ló yí Lesotho ká, tọ̀tún tòsì, tẹ̀yìn tiwájú. Ẹ wò ó bí ilé tí wọ́n kọ́ sáàárín agbo ilé ẹlòmíràn: ẹ ò lè wọ ilé náà láì gba ẹnu ọ̀nà agbo ilé kọjá, ibẹ̀ náà lẹ ó sì gbà jáde.

Nítorí náà, físà Gúúsù Áfíríkà tí ẹ ó gbà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ó wọ ilẹ̀ wọn: ẹ̀ẹ̀kíní ní pápákọ̀ òfurufú Johannesburg, ẹ̀ẹ̀kejì nígbà tí ẹ bá ń ti Lesotho bọ̀ láti wọkọ̀ òfurufú lọ sílé. Bó bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ẹ bá jáde sí Lesotho ni iṣẹ́ rẹ̀ parí, àwọn aṣọ́bodè kò sì ní jẹ́ kí ẹ padà wọlé. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó sí nìyí. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ fún físà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ẹ ń lọ sí Lesotho, ẹ sì ń padà bọ̀, ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì, kí ẹ so ìwé ilé ìtura tí ẹ gbà ní Lesotho mọ́ ọn. Bí físà bá jáde, ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níbi tí wọ́n ti fún yín, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ iye ìwọlé sí, kí ẹ sì wo ti ọmọ náà lọ́tọ̀, torí nígbà mìíràn wọ́n máa ń kọ ti ọmọ yàtọ̀ sí ti òbí. Ẹ má sì rò pé ọjọ́ tí ẹ bá lò ní Lesotho yóò sọ ọjọ́ tí wọ́n fún yín ní Gúúsù Áfíríkà dọ̀tun. Kíkà rẹ̀ kì í dúró.

Físà Lesotho fúnra rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Òfin wọn lórí ẹni tó nílò físà àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà á ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹni tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn gbọ́. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì aṣojú Lesotho tó wà ní Pretoria, ẹ sọ irú páásípọ́ọ̀tì tí ẹ ní àti bọ́dà tí ẹ fẹ́ gbà wọlé, kí ẹ tẹ èsì wọn jáde sórí ìwé. Kò yẹ kí ẹni tó mú ọmọ lọ́wọ́ lọ dúró sí bọ́dà kó máa retí pé wọn yóò fún òun ní físà níbẹ̀.

Ní bọ́dà, ọ́fíìsì méjì lẹ ó yà: ti Gúúsù Áfíríkà fún òǹtẹ̀ ìjáde, lẹ́yìn náà ti Lesotho fún òǹtẹ̀ ìwọlé. Èrò àti ọkọ̀ máa ń pọ̀ ní Maseru Bridge, bọ́dà tó wà ní Maseru, olú ìlú Lesotho, débi pé èèyàn lè wakọ̀ kọjá ọ́fíìsì àkọ́kọ́ láì mọ̀. Bí òǹtẹ̀ ìjáde kò bá sí nínú páásípọ́ọ̀tì yín, nígbà tí ẹ bá ń padà ni wàhálà yóò bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, òǹtẹ̀ mẹ́fà ni ìrìnàjò yìí yóò gbà, nítorí náà ẹ rí i pé ojú ewé tó ṣófo wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ tó ní orúkọ ẹ̀yin òbí méjèèjì lọ́wọ́, àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àjẹsára náà gbọ́dọ̀ ti tó ọjọ́ mẹ́wàá lára kí ẹ tó débẹ̀. Bí ẹ bá ti gbà á rí, kò sí ìdí láti tún un gbà, torí láti ọdún 2016 ni káàdì náà ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ohun kan tí yóò dùn mọ́ yín nínú ni pé kò sí ibà ẹ̀fọn ní Lesotho.

Ó ku ọ̀rọ̀ jíìpù. Sani Pass ló bí ìtàn yẹn. Ọ̀nà olókùúta ni, ó gun òkè láti ìhà KwaZulu-Natal, ìpínlẹ̀ kan ní Gúúsù Áfíríkà, títí dé 2,876 mítà, Gúúsù Áfíríkà kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ tí kì í ṣe 4x4, ìyẹn jíìpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbà á. Àwòrán ọ̀nà yẹn ló pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn sì ṣebí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Lesotho rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Butha-Buthe dé Maseru, ọ̀nà ọ̀dà ni. Láti Butha-Buthe gun òkè lọ sí Oxbow àti Mokhotlong, ọ̀dà ni. Láti Maseru sí Semonkong, àti láti Hlotse sí Katse, ọ̀dà náà ni. Ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára tó láti gun òkè yóò dé gbogbo ibẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá dára. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni ìwé ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ àwọn tó háyà ọkọ̀ náà fún yín, tó sọ pé ẹ lè gbé e kọjá bọ́dà. Láìsí ìwé yẹn, wọn yóò dá ọkọ̀ padà. Ẹ béèrè fún un lọ́jọ́ tí ẹ bá ń sanwó, torí òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbéra ti pẹ́ jù. Kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ìnṣọ́ránsì wọn kó ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà mọ́ ọn. Ní ti yíyí gbogbo ibẹ̀ po ní ọjọ́ márùn-ún, ẹ jẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀. Ní ojú àwòrán ilẹ̀, Lesotho kò ju bíi 30,000 kìlómítà níbùú-lóòró lọ, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ 1,400 mítà, òkè rẹ̀ tó ga jù, Thabana Ntlenyana, sì tó 3,482. Ọ̀nà tó ń lọ́ mọ́ ara òkè kì í ṣe ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Wákàtí ni kí ẹ máa fi ṣírò, ẹ má fi kìlómítà ṣírò. Hlotse sí Katse, tí kò ju 120 kìlómítà lọ, lè gba wákàtí mẹ́ta, torí ó gba orí Mafika-Lisiu tó ga ju 3,000 mítà lọ kọjá.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ òjò dídì ni ọmọ yín ń wá, ìhà àríwá ni n ó ní kí ẹ mú. Ẹ gba Bethlehem àti Fouriesburg láti Johannesburg, ẹ wọlé ní bọ́dà Caledonspoort, kí ẹ sun Butha-Buthe lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Bọ́dà yẹn kì í ṣí mọ́jú bíi ti Maseru Bridge àti Ficksburg, nítorí náà ẹ tètè gbéra. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gun Moteng Pass, tó ga ní 2,820 mítà, lọ sí Afriski, ibi ìṣeré orí òjò dídì tó wà ní Mahlasela, ní 3,222 mítà, kí ẹ ṣeré títí di ọ̀sán, kí ẹ sì padà sọ̀kalẹ̀ wá sùn. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ máa bọ̀ wá sí Maseru lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ yà ní Teyateyaneng níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi irun ewúrẹ́ hun aṣọ aláwòrán tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri. Ọjọ́ kẹrin ni ti Thaba Bosiu, òkè ìtàn kan tí n ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú. Ọjọ́ karùn-ún, ẹ gba Maseru Bridge jáde. Mo mọ̀ pé ẹ ó rí àwòrán ìṣàn omi Maletsunyane ní Semonkong, tó ń já bọ́ láti 192 mítà, ẹ ó sì fẹ́ fi kún un. Oṣù keje kì í ṣe àkókò rẹ̀. Lesotho yàtọ̀ sí ilé wa ní ti pé ìgbà otútù wọn ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ìgbà ooru ni òjò ń rọ̀, láti bíi oṣù kẹwàá títí dé oṣù kẹrin. Omi náà máa ń fà ní oṣù keje. Ẹni tó bá fẹ́ rí i nígbà tó kún, oṣù kìíní sí ìkẹta ni kó lọ, kó sì gbàgbé òjò dídì.

Òjò dídì náà, n kò lè ṣèlérí rẹ̀ fún yín, ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí rẹ̀ ń tajà ni. Ó máa ń bọ́ sórí àwọn òkè gíga láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, ṣùgbọ́n ó lè bọ́ lónìí kí oòrùn sì yọ́ ọ tán lọ́jọ́ kẹta. Ìdí tí mo fi dárúkọ Afriski ni pé wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sí afẹ́fẹ́ tútù kó lè di òjò dídì sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, torí náà bí ti ọ̀run kò bá bọ́, ọmọ yóò ṣì rí nǹkan fọwọ́ kàn. Ibi tí èèyàn ti ń fẹsẹ̀ yọ̀ lórí pátákó ni, wọ́n sì ń fi bàtà àti pátákó háyà níbẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ máa ń kún, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀.

Yìnyín orí ọ̀dà ni n ó kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀ jù. Omi tó bá ṣàn kọjá ọ̀nà lálẹ́ á dì, a sì máa dà bí ọ̀dà lásán lójú, pàápàá ní kọ̀rọ̀ tí òjìji òkè bò. Ẹ má gun Moteng kí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tó lù, kí oòrùn lè kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, jíà kejì tàbí àkọ́kọ́ ni kí ọkọ̀ wà, kí ẹ́ńjìnnì máa dì í mú. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì látòkè délẹ̀, yóò gbóná, kò sì ní mú mọ́ nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù. Bí táyà bá ń yọ̀, ẹ má ṣe tẹ bíréèkì lójijì, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ná, kí ọwọ́ yín dúró ṣinṣin. Ilẹ̀ ń ṣú níbẹ̀ ní bíi aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní oṣù keje, nítorí náà ẹ ti kúrò lórí òkè kí aago mẹ́ta tó lù. Ẹ má wakọ̀ lálẹ́ rárá: màlúù, àgùntàn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń rìn lójú ọ̀nà, darandaran tó bo ara rẹ̀ pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì dúdú kì í sì í tètè hàn sí iná ọkọ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà, èyí sì ń dààmú awakọ̀ láti Nàìjíríà jù ní oríta àti nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé epo. Ẹ kún táńkì yín fọ́fọ́ ní Butha-Buthe kí ẹ tó gòkè.

Nípa gíga ilẹ̀ náà, ìgbéyàwó ti ṣe yín lóore. Johannesburg fúnra rẹ̀ ga ju 1,700 mítà lọ, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá lò níbẹ̀ yóò ti jẹ́ kí ara yín máa mọ afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá ju 2,500 mítà lọ lè ní orí fífọ́, èébì, tàbí kí èémí máa kúrú. Ohun tó fà á tí mo fi ní kí ẹ padà wá sun Butha-Buthe nìyẹn, torí ibi tí èèyàn sùn sí ló ń dà á láàmú ju ibi tó bẹ̀ wò lọ. Ẹ mu omi púpọ̀, ẹ má sáré, bí orí fífọ́ náà kò bá sì lọ, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìwé arìnrìn-àjò kì í sábà kọ, tó sì kan ìdílé wa jù. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, ì báà jẹ́ SS tàbí SC, otútù líle àti afẹ́fẹ́ tí kò tó lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má gòkè lọ sí Afriski, kó dúró ní Maseru, kó sì bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. AS kì í sábà ní wàhálà, àmọ́ ìrora líle ní ìhà òsì ikùn lórí òkè kì í ṣe ohun tí a ń mójú kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀ bóyá AA ni ọmọ náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ nílé. Ilé ìwòsàn orí òkè kò tó nǹkan, àìsàn tó bá le, Bloemfontein ni wọ́n sábà ń gbé e lọ, nítorí náà ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò tó sọ kedere pé ó kárí gbígbé aláìsàn kọjá bọ́dà.

Otútù náà kì í pani bí a bá wọṣọ fún un. Ní ọ̀sán, oòrùn lè mú débi tí ẹ ó bọ́ kóòtù, kó tó di òru, omi á ti dì nínú garawa. Aṣọ tín-ín-rín mẹ́ta tí a wọ̀ léra wọn dára ju ẹyọ kan tó nípọn lọ: èyí tó lẹ̀ mọ́ ara, èyí tó jẹ́ òwú àgùntàn, àti jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá. Ẹ wá fìlà tó bo etí, ìbọ̀wọ́ méjì fún ọmọ torí ọ̀kan yóò rẹ fún omi, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, àti bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú. Ọjà òkìrìkà ní Ìbàdàn kún fún irú kóòtù bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìpara oòrùn àti ti ètè, torí oòrùn orí òkè ń sun awọ dúdú náà, pàápàá tó bá tàn padà láti ara òjò dídì. Bí ilé tí ẹ sùn bá ń lo gáàsì tàbí kẹrosíìnì láti mú yàrá móoru, ẹ pa á kí ẹ tó sùn, kí ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ nígbà tó bá ń jó. Èéfín tí kò ní òórùn ń pa èèyàn lójú oorun.

Owó wọn ni loti, èyí tí wọ́n ń pè ní maloti tó bá ti ju ọ̀kan lọ. Ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ rand kan gẹ́lẹ́, rand sì ń ná níbi gbogbo ní Lesotho. Àmọ́ wọn kì í gba maloti ní Gúúsù Áfíríkà, nítorí náà ẹ ná èyí tó bá kù tán kí ẹ tó débi bọ́dà. Ẹ mú rand lówó wẹ́wẹ́ lọ sórí òkè, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì náírà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́ oníhò róbótó ńlá mẹ́ta, pílọ́ọ̀gì Nàìjíríà kò ní wọlé. Aago wọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa.

Thaba Bosiu ni n kò ní fẹ́ kí ẹ fò. Ó lé díẹ̀ ní 20 kìlómítà sí Maseru, òkè tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni, Moshoeshoe Kìíní, ọba tó dá ilẹ̀ Basotho sílẹ̀, sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ọdún 1824 nígbà tí ogun ń tú ìlú ká ní gbogbo agbègbè náà. Àwọn tó sá àsálà láti ìdílé oríṣiríṣi ló gbà mọ́ra, wọ́n sì di Basotho, ìyẹn àwọn èèyàn Lesotho. Ogun gbìyànjú láti kó òkè náà léraléra, àwọn Boer pẹ̀lú, ìyẹn àwọn aláwọ̀ funfun tí ìran wọn ti ilẹ̀ Dutch wá, wọn ò rí i kó. Ní ọdún 1868 Moshoeshoe fi ilẹ̀ náà sábẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ àwọn Boer, ó kú ní 1870, orí òkè ni ibojì rẹ̀ wà. Ẹ gba amọ̀nà ní ọ́fíìsì tó wà nísàlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè gùn ún dáadáa.

Basotho ń kí èèyàn kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun, bíi tiwa. Ẹ sọ “Lumela, ntate” fún ọkùnrin, “Lumela, 'mè” fún obìnrin, kí ẹ tó bèèrè ọ̀nà. Bí ẹ bá pàdé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi ẹfun pupa para, tó wọ bùláńkẹ́ẹ̀tì, tó ń rìn ní ẹgbẹ́, àwọn tó ń ṣe lebollo, ètò ìdàgbà wọn, ni. Ẹ yà fún wọn, ẹ má yàwòrán wọn, ẹ má sì sún mọ́ ibi tí wọ́n pàgọ́ sí. Àsíá funfun lẹ́nu ọ̀nà ilé túmọ̀ sí pé ọtí ọkà bàbà wà níbẹ̀, pupa jẹ́ ti ẹran. Àwọn ọmọdé lójú ọ̀nà yóò máa béèrè súìtì. Ẹ má jù ú láti inú ọkọ̀, torí wọ́n á máa sáré bọ́ sójú títì nítorí rẹ̀. Maseru kò burú lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹ má fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ lálẹ́.

Ṣé kí ọkọ yín wakọ̀ fúnra rẹ̀? Tí kò bá tíì wakọ̀ lórí yìnyín rí, tí kò sì mọ ọwọ́ òsì lára, n ó sọ pé kí ẹ wakọ̀ dé Butha-Buthe, kí ẹ wá gba awakọ̀ tó mọ òkè náà fún ọjọ́ Afriski nìkan. Ó gbówó ju kí ẹ dá lọ lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gba ilé ìtura tí wọ́n lè dá owó rẹ̀ padà títí físà méjèèjì yóò fi jáde. Bí Gúúsù Áfíríkà bá fún yín ní ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, tí wọ́n sì kọ̀ láti yí i padà, ẹ má ṣe gbìyànjú bọ́dà. Ẹ lọ lo ọjọ́ márùn-ún yín ní Clarens àti ọgbà Golden Gate Highlands tó wà nítòsí rẹ̀, lápá Gúúsù Áfíríkà. Òjò dídì kì í pọ̀ níbẹ̀ tó ti Lesotho, ṣùgbọ́n kò sí òǹtẹ̀ tí ẹ ó máa bẹ̀rù.